Èèkàn Tútù: Ọ̀nà Òkèrò sí Ìròkún, 1961

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ṣẹ́rẹ́. Ìkọ̀lé.

Ọyẹ́ ti la ètè mi sí méjì. Lẹ́tà Ìbàdàn dé lónìí. Ó ti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ì bá ti dé, ì bá jẹun, ì bá sì ti padà. Wọ́n ti fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ fún ọ̀nà Òkèrò sí Ìròkún, ẹgbẹ̀fà pọ́ùn. Àwọn ará ìlú méjèèjì ni yóò la ọ̀nà náà fúnra wọn, kálukú láti ẹnu ibodè tirẹ̀, títí wọn yóò fi pàdé láàárín igbó. Ìjọba ni yóò ra páìpù, sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́, èmi ọ̀fíísà ìdàgbàsókè ìlú ni yóò sì bójú tó iṣẹ́ náà.

Ìparí lẹ́tà náà ló bí mi nínú. Bí ọ̀nà kò bá tíì pàdé, tí Ẹnjiníà Adó kò sì tíì fọwọ́ sí i kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, owó náà yóò padà sápò ìjọba, ìlú mìíràn yóò sì gbà á. Máìlì márùn-ún igbó, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí kò di àdá mú rí.

Ọjọ́bọ̀, 12 Ṣẹ́rẹ́.

Ìpàdé ní Òkèrò láàárọ̀, ìpàdé ní Ìròkún lọ́sàn-án. Mo fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì, ẹ̀gún já ṣòkòtò mi.

Ní Òkèrò, Olóyè Adéníyì tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọ̀nà kò béèrè iye ṣọ́bìrì, kò béèrè iye àdá. Ohun tó béèrè ni pé níbo ni wọn yóò ri pátákó mọ́, orúkọ ìlú wo ni yóò sì ṣáájú lórí rẹ̀. Ní Ìròkún, Ọlọ́jà, ọba wọn, fúnra rẹ̀ ló béèrè ohun kan náà. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé kí ọ̀nà kọ́kọ́ wà ná. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi sọ̀rọ̀ tó ní láárí, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ràfíátù, olórí àwọn obìnrin tí yóò ru òkúta ní Ìròkún. Epo pupa ló ń tà. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń ru agolo epo lórí lọ sí Òkèrò, nítorí ibẹ̀ ni lọ́rì ń dúró sí. Ọrùn rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Ó ní, "Ọ̀fíísà, éè ṣe tèmi mọ́. Ti Mùjídátù ọmọ mi ni mo ń wí. Mè é fẹ́ kí ọrùn ti rẹ̀ náà wọ́." Mo ṣèlérí fún un pé òjò kejì kò ní rọ̀ kí lọ́rì tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gbọ́n kì í ṣèlérí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ṣẹ́rẹ́.

Lónìí la ri èèkàn mọ́ ojú ìlà tí Ẹnjiníà yà sórí ìwé. Ní ọ̀nà Ìsàn lọ́dún tó kọjá, ikán jẹ èèkàn wa tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì tún un rì. Èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe Àkàndé, olórí àwọn lébírà, ọmọ Ìkirun, mo ní, "Má gé òkú igi. Igi tútù ni kó o gé, èyí tó bá ti tọ́, tí ikán kì í jẹ." Ó ní ó yé òun.

Ibà dé sí mi lára bí a ṣe kúrò ní Òkèrò. Mo sùn sínú Lánróvà ní abẹ́ igi ìrókò, mo bo kóòtù mọ́rí, ara mi ń gbọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́ Àkàndé dé, ó ní àwọn ti rì í tán láti orí dé òpin. Mo kọ ìwé tó ń lọ sí Adó: "Mo rin ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èèkàn wà ní ipò." Irọ́ kékeré ni. Gbogbo ọ̀fíísà tí mo mọ̀ ló ń pa á. Inú mi dùn sí ọgbọ́n èèkàn tútù yìí ṣá. Mo lo kuníìnì, mo sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Ṣẹ́rẹ́. Ìdó.

Mo wá sí ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀dé ìyàwó mi àti ọmọ wa. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi okùn wọn ìwọ̀n tirẹ̀ fún, ẹgbẹ́ tí kò bá sì ṣe é tán yóò san ẹran. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í kí mi dáadáa mọ́. Tí mo bá dé, orin á dákẹ́.

Iṣu mẹ́wàá ti di ṣílè márùn-ún ní ọjà Ìdó. Bọ́sẹ̀dé ní owó iṣẹ́ tíṣà òun kò tó jẹ iṣu mọ́.

Ọjọ́rú, 1 Èrèlé.

Sìmẹ́ńtì tí mo bẹ̀bẹ̀ fún dé. Ogójì àpò. Awakọ̀ já a sílẹ̀ ní gbangba níwájú ọ́fíìsì káńsù, ó ní òun kò gbàṣẹ láti gbé e wọlé. Akọ̀wé káńsù ní òun kò gbàṣẹ láti ṣílẹ̀kùn. Èmi pẹ̀lú Àkàndé la gbé e wọlé. Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Ìjọba yìí, ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i, àfi pé n kò tíì rí ẹwà náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Èrèlé.

Olóyè Adéníyì mú òbúkọ wá sílé mi ní Ìkọ̀lé. Mo ní kí ni fún? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A mọ uhun ẹ ṣe, Ọ̀fíísà. A sì mọ uhun ẹ tún lè ṣe." Mo ní kó mú ẹran rẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè pé, "Mélòó ni Ìròkún mú wá?"

Mo lé e jáde, ó sì jù mí lọ ní ogún ọdún. Ìwà ìbàjẹ́ ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Àgbàlagbà tó yẹ kó máa kọ́ ọmọdé ní òtítọ́, òun ló ń fa òbúkọ kiri ìta ọ̀fíísà. Ó kó mi nírìíra débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Èrèlé.

Òbúkọ Ìròkún náà dé. Èyí sanra ju ti Òkèrò lọ. Mo dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 23 Èrèlé.

Ààwẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kan. Ràfíátù àti àwọn obìnrin rẹ̀ ń ru òkúta láti ìdájí, wọ́n sì ń dáwọ́ dúró nígbà tí oòrùn bá le. Mo ní kí wọ́n sinmi títí ọdún yóò fi dé, wọ́n kọ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ mi, ìyá náà mú apá mi. Ó ní, "Ọ̀fíísà, mo fẹ́ bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan, má bínú. Ọ̀nà li ẹ̀ ń là fún wa, àbí ulẹ̀ li ẹ̀ ń pín?"

Mo ní ọ̀nà ni, Màmá, kí ni tilẹ̀? Ó gbé òkúta rẹ̀, ó lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ òṣèlú kan tí n kò mọ̀. Ìlú tí ọ̀nà ń wá bá, tí wọ́n ń fojú burúkú wo ẹni tó mú un wá! Ó sú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Èrèlé.

Òjò àkọ́rọ̀, pẹ̀lú ìjì. Ó ká páànù ilé mi méjì. Mo ń ronú nípa ìlérí tí mo ṣe fún ìyá yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 6 Ẹrẹ́nà.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, òní ló yẹ kí àwọn méjèèjì máa gbọ́ ohùn ara wọn nínú igbó. Mo gba ti Òkèrò wọlé, ọ̀nà dára, ó fẹ̀, kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo dé ibi tí wọ́n ń gé igi dé. N kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni níwájú. Ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì mi ni mo ti ń gbọ́ àdá àwọn ará Ìròkún, lọ́nà jíjìn, níhà odò. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà mi ló padà. Mo ya igbó lọ síbẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀. Òjìdínnírinwó lé méjì kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti kọjá àwọn Òkèrò láìmọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là, ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan létí odò, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn kí ara wọn.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò. Mo ké mọ́ Àkàndé títí ohùn mi fi há. Ó ń búra pé èèkàn ni gbogbo wọn tẹ̀ lé, pé òun fojú ara òun rí èèkàn níwájú àwọn ìhà méjèèjì lójoojúmọ́. Mo ní òpùrọ́ ni. Mo lọ bá Òkèrò, mo pè wọ́n ní òpè. Mo lọ bá Ìròkún, mo pè wọ́n ní ọlọ́tẹ̀.  Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tí èmi kò mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ẹrẹ́nà.

Ràfíátù ló mú mi lọ. Ó ní kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí n tẹ̀ lé òun. Ó rìn níwájú mi wọ àárín igbó, láàárín ọ̀nà méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. Ó dúró, ó fi ọwọ́ hàn mí.

Èèkàn mi ni. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti bá a, ó ti hu ewé. Ewé gígùn, aláwọ̀ ewé tó ń dán. Mo wo èyí tó tẹ̀ lé e, òun náà ti hu. Wọ́n tò lọ gbọọrọ sínú igbó bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sí pápá.

Pèrègún.

Àkàndé gé igi tútù tó tọ́, tí ikán kì í jẹ. Ó gé e lára ọgbà ilé ìwé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn Òkèrò. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pàṣẹ fún un, kò yẹ̀ ní ìka kan. Èmi Afọlábí, ọmọ àgbẹ̀ Ìdó, tí bàbá mi fi pèrègún pa ààlà oko lójú mi nígbà tí n kò tíì ju èwe lọ, èmi ni mo fi ọlá ìjọba ri pèrègún mọ́ àárín igbó tí ìlú méjì ti ń du láti ayé baba wọn. Ìhà òkè ni Ìròkún ń dá oko, ìhà odò ni Òkèrò. Wọ́n jí ní ọjọ́ kan, wọ́n bá pèrègún lójú ìlà. Ta ni yóò rò pé ọ̀nà ni?

Ràfíátù ní, "Òkèrò wí pé Ìròkún li ó fún ẹ lówó kí ẹ pa ààlà. Ìròkún wí pé Òkèrò ni. Ẹnìkan éè lè hú u, nítorí ẹni gbin pèrègún ààlà li í hú u. Kálukú bá gbin tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ó mú mi lọ wò ó. Òkèrò ti gbin pèrègún tiwọn sí òkè, kí ilẹ̀ ìhà odò tiwọn lè fẹ̀. Ìròkún ti gbin tiwọn sí ìsàlẹ̀, kí ilẹ̀ ìhà òkè tiwọn lè fẹ̀. Kálukú sì ń la ọ̀nà tẹ̀ lé pèrègún tirẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú igbó yẹn, gbogbo wọn ló hu ewé. Èèkàn jọ èèkàn lójú Àkàndé. Ká ní mo rìn ín ní ọjọ́ kìn-ín-ní bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, ǹ bá ti rí i kí n tó dé ẹsẹ̀ ogún.

Mo bi ìyá náà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mo bi ẹ́. Ẹ wí pé ọ̀nà ni." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó di ọrùn rẹ̀ tó wọ́ yẹn mú.

  Gbogbo ohun tí mo ti kọ sínú ìwé yìí nípa òbúkọ, nípa àgbà tí kò nítìjú, mo kà á lálẹ́ yìí. Kálukú wọn rò pé èkejì ti rà mí, wọ́n sì wá rà mí padà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ta òótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ẹrẹ́nà. Ìdó.

Mo sọ fún Bọ́sẹ̀dé. Mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Lọ́lá, pèrègún! Ẹ tún lè fi òdòdó sí i kí ìjọba lè mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín!" Nígbà tó rí ojú mi, ó dìde. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn ni. Ohun tó kù nìyẹn." Mo ní ọ̀fíísà kì í lọ máa jẹ́wọ́ níwájú ará oko. Ó ní, "Ta wá ni yóò hú u? Àkàndé?"

Mo bínú sí i títí alẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ẹrẹ́nà.

Mo pe ìlú méjèèjì sí àárín igbó, ibi tí ìlà mi wà. Òkèrò dúró lápá kan, Ìròkún lápá kejì, kò sẹ́ni tó kọjá pèrègún. Olóyè Adéníyì wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọlọ́jà Ìròkún rán Bàbá Ọlátúnjí wá, ọkùnrin tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n gbé wá lórí kẹ̀kẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ewé gbígbẹ ni mo dọ̀bálẹ̀ lé, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Mo ní kò sí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Mo ní ikán ni mo ń sá fún. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n rì í, mo wà nínú mọ́tò, mo ń sùn, mo sì kọ̀wé pé mo rìn ín.

  Olóyè Adéníyì wá ní, "Ikán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tún ní, "Ìtorí ikán?" Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Bàbá Ọlátúnjí ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ùjọba éè gbin pèrègún. Ìwọ li o gbìn ín. Ọwọ́ rẹ li ó má a hú u, lójú wa kete. Ìgbà yẹn li a ó mọ̀ pé éè sí ààlà níhìn-ín."

Olóyè Adéníyì ní bí wọ́n ti wí náà ni. Ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ìlú méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́rú, 15 Ẹrẹ́nà.

Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ lánàá, mo parí lónìí ní agogo mẹ́rin. Ẹni tí kò hú pèrègún tó ti ta gbòǹgbò rí kò mọ nǹkan. Wọn kò jẹ́ kí n lo àdá, wọn kò jẹ́ kí Àkàndé bá mi dì í mú. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì ń tẹ̀ lé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé àádọ́ta, wọ́n ti ń bára wọn jiyàn lórí bóyá ó jẹ́ àádọ́ta tàbí mọ́kànléláàádọ́ta, ẹ̀rín sì ti wọ̀ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. N kò lè mú gègé dáadáa.

Nígbà tí mo hú èyí tó kẹ́yìn, Òkèrò lọ hú tiwọn, Ìròkún lọ hú tiwọn. Kò gbà wọ́n ní wákàtí kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ẹrẹ́nà.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mùjídátù gbé ìrẹsì àti ẹran wá sí Ìkọ̀lé fún mi, máìlì mọ́kànlá. Mo jẹ ẹ́. Èyí kì í ṣe òbúkọ.

Kò sí ààyè láti padà sójú ìlà àtijọ́ mọ́. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé a ó la ìdábùú so ẹnu ọ̀nà òkè mọ́ ẹnu ọ̀nà odò. Ọ̀nà náà yóò wọ́ bí ejò. Ìlú méjèèjì ni yóò ṣiṣẹ́ náà pọ̀. Wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo ní ó dára.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ẹrẹ́nà.

Ó pàdé. Agogo méjì ọ̀sán. Igi tó kù láàárín ni ọ̀dọ́ Òkèrò kan àti ọ̀dọ́ Ìròkún kan jọ gé. N kò sunkún. Èéfín ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ẹrẹ́nà.

Ẹnjiníà dé láti Adó. Ọkùnrin tín-ín-rín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀, kó tó dé, Olóyè Adéníyì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí ó bá béèrè nípa ibi tó wọ́, kí n wí pé àpáta ni. Gbogbo wọn ti fẹnu kò. Ọlọ́jà ti gbà, Àkàndé ti gbà. "Àpáta ńlá," ni Àkàndé wí, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni tó rí i.

Ẹnjiníà rìn ín, láti orí dé òpin, pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ó rìn ín ni o. Nígbà tó dé ibi tó wọ́, ó dúró. Ó ṣí fáìlì, ó fi ìwé mi ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ hàn mí, "Mo rin ìlà náà." Ó fi fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ní kí a kọ ìdí tí ọ̀nà fi yà kúrò lójú ìlà. Ó ní, "Òun ni n óò fọwọ́ sí. Ohun tí ẹ bá kọ."

Gbogbo wọn ń wò mí. Àpáta wà ní ẹnu mi. Tí mo bá kọ ọ́, yóò fọwọ́ sí i, owó yóò wọlé, kò sí ẹni tó máa wá wa ilẹ̀ wò. Tí mo bá kọ òótọ́, ó lè ya fọ́ọ̀mù náà, kí ẹgbẹ̀fà pọ́ùn lọ, kí ọrùn Mùjídátù wọ́. Mo rántí irọ́ kékeré. Ohun tó ṣe mí kì í ṣe ìgboyà o. Ó rí mi lára ni. N kò lè tún fi ọwọ́ tó bó yìí kọ òmíràn.

Mo kọ ọ́: "Èmi ni. Mo kọ̀wé pé mo rin ìlà, n kò rìn ín. Àwọn ará ìlú kò jẹ̀bi."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ọ̀nà dára." Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 30 Ẹrẹ́nà.

Ọlọ́gbọ́n Ìbàdàn tó ní oṣù Ẹrẹ́nà kò wo kàlẹ́ńdà. Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Olúwa mọ́ igi, ọ́fíìsì kankan kò ní ṣí. Òní ni òpin tí fọ́ọ̀mù náà fi lè gba òǹtẹ̀ ní Adó. Òjò rọ̀ láti òru, Lánróvà rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, àwọn àgbẹ̀ mẹ́fà ló tì wá jáde, mo fún wọn ní ṣílè méjì. Mo wọ Adó ní agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Akọ̀wé ti ń ti fèrèsé. Ó wo ẹrẹ̀ ara mi, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo na fọ́ọ̀mù náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, egbò àti ẹrẹ̀. Ó fi ìríra gbà á, ó lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Igbe.

Lẹ́tà méjì nínú àpò kan. Àkọ́kọ́: owó ìrànwọ́ ọ̀nà Òkèrò sí Ìròkún ti jáde. Èkejì: wọ́n bá mi wí gidigidi, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Omi ni ọ̀nà wọn níbẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ní ó kéré tán n kò ní ri èèkàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Igbe.

Lọ́rì àkọ́kọ́ wọ Ìròkún lónìí. Òjò tí ó rọ̀ lẹ́yìn ìlérí mi ti ju méjì lọ, Ràfíátù kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wọ lọ́rì náà padà, mo san sísì kan, bí èrò lásán. Agolo epo rẹ̀ méje wà lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀, Mùjídátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí itan bí ẹni tó wà ní ilé ìjọsìn.

A dé ibi tó wọ́. Ọmọ ọkọ̀ kígbe pé, "Ta ló ń sọ̀ ní Kọ́nà Ọ̀fíísà?" Àwọn èrò tí kò mọ̀ mí ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sọ ìtàn náà fún ẹnì kejì rẹ̀, ó ti fi kún un, ó ní ọ̀fíísà náà hú irinwó.

Mo wo ìta. Pèrègún kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gẹ́lẹ́ níbi tí kọ́nà ti bẹ̀rẹ̀, ewé rẹ̀ tutù.  Mo ní, "Èmi ni," mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ dì í mú. Mo ti tẹ̀ ba kí n tó gbọ́ ohùn Ràfíátù láti iwájú lọ́rì.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, Ọ̀fíísà. Àwa li a jọ gbin ìyẹn, Òkèrò àti Ìròkún. Ẹni gbìn ín li í hú u."

Mo gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo padà sínú lọ́rì.